Èéfín Tí Kò Jáde

Ọdún kan péré làwọn sójà tíì lò lórí ìjọba nígbà tí wọ́n dá Láwàlì dúró ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Kì í ṣe nítorí ẹrù tó kó. Nítorí èéfín ni. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ti gbó, èéfín tó ń tú nídìí rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ẹni tó bá ń wakọ̀ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kì í rí iwájú. Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí, ọ̀gá àwọn VIO tó ń yẹ ọkọ̀ wò níbẹ̀, kò pariwo mọ́ ọn. Ó ní kó gbé ọkọ̀ náà wá sí ọ́fíìsì àwọn ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀.

"Tó bá ṣì ń rú báyìí, a máa gbà á lọ́wọ́ rẹ. O ò sì ní fojú kàn án mọ́."

Sójà kan dúró tì í. Ó kàn ń wo Láwàlì, kòbókò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú Láwàlì. Odeda lòun àti Bùsírátù ìyàwó rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, píkọ́ọ̀pù tó fi ń kó igi ìdáná àti gbágùúdá lọ sí Abẹ́òkúta ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Ó gbé e tọ Túbọ̀sún mẹkáníìkì lọ.

Túbọ̀sún ní àfi kóun tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, kóun pààrọ̀ ríìngì rẹ̀ tó ti jẹ, tó ń fa èéfín, ó sì máa pẹ́ kí wọ́n tó rí ríìngì náà rà.

"Ọjọ́ Ajé ni wọ́n dá fún mi," ni Láwàlì wí. "Ṣé kò sí nǹkan mìíràn tá a lè ṣe sí i?"

Túbọ̀sún họrí. Nígbà tó yá, ó tú sàlẹ́ńsà ọkọ̀ náà tí èéfín ń gbà jáde, ó ki kànìnkànìn onírin àti àkísà bọ inú rẹ̀, ó sì dè é padà. Wọ́n ṣáná sí ọkọ̀. Èéfín kankan kò jáde lẹ́yìn.

"Tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, gbé e padà wá kí n yọ ọ́ kíá," ni Túbọ̀sún wí. "Má fi ṣiṣẹ́ o."

Láwàlì kò bi í léèrè ibi tí èéfín náà yóò gbà. Ó sì mọ̀ pé ilẹ̀ ọkọ̀ náà ti dípẹtà, pé ó ti lu lábẹ́ ìjókòó, àpò lásán ló fi bò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọyẹ́ mú gan-an. Bí Láwàlì ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀ ni ìyá ìyàwó rẹ̀ dé. Aláró ni màmá náà, ó di àdìrẹ sínú ẹrù ńlá kan.

"Láwàlì, wọ́n ní Abẹ́òkúta lò ń lọ. Jọ̀ọ́, gbé mi dé Ìtòkú."

Láwàlì dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó fẹ́ sọ pé kò ní ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí tóun lè sọ fún un. Ó gbé ẹrù náà sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn iwájú fún un.

Bí wọ́n ṣe kúrò ní Odeda ni màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní kó yí gíláàsì méjèèjì sókè, pé ọyẹ́ kò dáa fún àyà òun. Láwàlì yí wọn sókè.

Ní Òṣíẹ̀lẹ̀, àwọn sójà wo ẹ̀yìn ọkọ̀, wọn kò rí èéfín, wọ́n juwọ́ sí i pé kó máa lọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rù tó ń bà á ni. Ṣùgbọ́n òórùn kan wà nínú ọkọ̀, bí ìgbà tí aṣọ bá ń jóná.

"Màmá, ṣé kí n sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀?"

"Rárá o. Òtútù ń mú mi."

Kò lè bá ìyá ìyàwó rẹ̀ jiyàn, kò sì lè sọ ohun tó wà nínú sàlẹ́ńsà fún un. Ó ń wakọ̀ lọ. Ọkọ̀ náà ń mí gúlegúle bó ti ń gun òkè.

"Ṣé a ti dé Òṣíẹ̀lẹ̀?" ni màmá bi í.

"A ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́, Màmá."

"Ṣé a ti dé Òṣíẹ̀lẹ̀?"

Ohùn rẹ̀ ti wúwo. Kò tún béèrè mọ́. Nígbà tí Láwàlì máa wò ó, ó ti fi orí ti gíláàsì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Láwàlì pè é, kò dáhùn. Ó tún pè é. Ìgbà náà ló rí i pé ọ̀nà ti di méjì lójú òun.

Ó fẹ́ tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ọkọ̀ yà bọ́ sínú koríko, ó ta gìrì, ó sì kú. Láwàlì ṣubú jáde. Ó fi ọwọ́ àti orúnkún rá yí ọkọ̀ ká, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì wọ́ màmá bọ́ sílẹ̀. Ó tú gèlè rẹ̀. Ó ń fẹ́ ẹ, ó ń pè é. Ohun kan ṣoṣo tó ń yí lọ́kàn rẹ̀ ni pé, mo ti pa ìyá Bùsírátù.

Onítakisí kan ló dúró, ó sì gbé wọn dé ọsibítù ní Abẹ́òkúta.

"Kí ló ṣe wọ́n?" ni Beatrice, nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n, béèrè.

"Wọ́n kàn dákú lójú ọ̀nà ni."

Nọ́ọ̀sì ní ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Láwàlì rò ó wò. Tó bá sọ òótọ́, ọlọ́pàá lè mú un, Bùsírátù lè kó jáde nílé rẹ̀. Ó rí ọwọ́ màmá lórí bẹ́ẹ̀dì, aró ti wọ èékánná rẹ̀ dúdú, ọwọ́ náà kò mira. Láwàlì yíjú sí nọ́ọ̀sì.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, èéfín ni. Èéfín ọkọ̀ mi ni. A dí i, ó wá ń wọlé tọ̀ wá."

Nọ́ọ̀sì sáré pe dókítà. Wọ́n gbé afẹ́fẹ́ inú àgbá wá, wọ́n sì fi rọ́bà rẹ̀ bo màmá nímú. Láwàlì jókòó sí kọ̀rọ̀. Ó kírun ọ̀sán, kò mọ iye rakáà tóun kí. Bùsírátù tí wọ́n ránṣẹ́ pè dé, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó lọ dúró sí òdìkejì bẹ́ẹ̀dì, kò sì bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó ti di ìrọ̀lẹ́ kí màmá tó lajú.

"Àdìrẹ mi ńkọ́?" ló kọ́kọ́ béèrè.

Láwàlì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, ó ní ó ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀ lójú ọ̀nà, ó sì sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"O mọ̀ pé èéfín wà níbẹ̀, o wá jẹ́ kí n pa gíláàsì dé," ni màmá wí.

"Ẹ̀rù yín ló bà mí, Màmá."

"Ẹ̀rù mi? Ṣé mo nà ọ́ rí ni?"



Lọ́jọ́ kejì, Láwàlì fẹsẹ̀ rìn lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí, ó sì jẹ́wọ́ fún un. Ó ti múra sílẹ̀ pé wọ́n á tì í mọ́lé. Ọ̀gá náà nàka sí i.

"Ọkọ̀ yẹn ò gbọdọ̀ rìn títí wọ́n á fi tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Tí mo bá rí i lójú títì ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀wọ̀n lò ń lọ."

Wọ́n fa ọkọ̀ náà padà sọ́dọ̀ Túbọ̀sún, ó yọ ohun tó dí sàlẹ́ńsà, ó sì lé lóṣù kan kí ríìngì tó dé láti Èkó tó fi tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe. Bùsírátù ti ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà náà, àmọ́ kì í pẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà dé ọ́fíìsì VIO, Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí ní kí Láwàlì tẹná mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ sì na áńkáṣíìfù funfun sẹ́nu sàlẹ́ńsà. Láwàlì ń wò ó nínú díńgí. Ó rí i tó gbé áńkáṣíìfù náà sójú, tó yí i síhìn-ín, tó yí i sọ́hùn-ún.

"Ó dáa," ló wí. "Máa gbé e lọ."

Láwàlì sọ gíláàsì méjèèjì kalẹ̀ kó tó wa ọkọ̀ náà lọ.

Ó wa ọkọ̀ náà fún ọdún mélòó kan sí i. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó jókòó tì í bá ti dákẹ́ díẹ̀, yóò pe orúkọ rẹ̀. Tí ẹni náà kò bá tètè dáhùn, yóò dúró lẹ́bàá ọ̀nà.