Àmì Orí O

"Nabeelah, kí ni mo fi ṣẹ ilé ìwòsàn yẹn tí wọ́n fi ní àwọn ò gbà mí?"

Ohùn Màmá Ṣàngó ni lórí fóònù, kò sì le bó ṣe máa ń le. Nabeelah ti dìde lórí àga kó tó mọ̀ pé òun dìde. Màmá Ṣàngó ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Òun ló tọ́ ọ dàgbà ní àdúgbò Ṣàngó, kó tó di ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì ní Ring Road, tó ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà jẹun. Láti ọdún tó kọjá ni awọ funfun ti bo ojú obìnrin náà méjèèjì, tó sì ń dúró kí iṣẹ́ abẹ kàn án. Ọ̀la ló kàn án.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Màmá?"

"Obìnrin inú fóònù yẹn ni, èyí tí ẹ̀yin ń ṣe. Ó ní, 'A ò gbà yín wọlé fún iṣẹ́ abẹ ojú yín. Ẹ má ṣèyọnu.' O ò rí i? Ó lé mi tán, ó tún ní kí n má ṣèyọnu! Mo ti sọ fún Suhail aládùúgbò wa pé kó má gbé mọ́tò ẹ̀ wá láàárọ̀ mọ́. Kádàrá ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mo máa pè yín padà."

Nabeelah fi fóònù sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ wọn ló ṣe ètò tó ń pe àwọn aláìsàn lórí fóònù, tó sì ń ka iṣẹ́ tí ilé ìwòsàn bá rán sí wọn létí ní Yorùbá. Mọ̀lẹ́bí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba ìtọ́jú níbẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Bí kò bá sí wàhálà, ìpè á wá lọ sọ́dọ̀ gbogbo aláìsàn. Aago mẹ́rin ni ti òní.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni Ìfẹ́dayọ̀, ọ̀gá rẹ̀, ti ní kó dán AI kan wò, ẹ̀rọ olóye tó ń báni kọ kóòdù. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè máa ṣe kómíìtì fúnra rẹ̀: kó kó àtúnṣe jọ, kó kọ gbólóhùn tó sọ ohun tó yí padà, kó sì fi í pamọ́ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ká má purọ́, ẹ̀rọ náà mọ iṣẹ́. Gbólóhùn rẹ̀ gún régé ju ti ọmọ ènìyàn lọ. Nabeelah alára, "mo tún un ṣe" lásán ló máa ń kọ, á sì gba ilé lọ. Láàárọ̀ yẹn ló ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ náà yege.

Ó yára ṣí kómíìtì tó kẹ́yìn. Ohun tí ẹ̀rọ náà kọ síbẹ̀ rèé: "Mo fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kó lè ṣeé kà sókè dáadáa. Ìtumọ̀ kò yí padà."

Ìtumọ̀ kò yí padà kẹ̀! "A o gba yin wole" ni ilé ìwòsàn kọ, láìsí àmì kankan, bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ nígbà tí a bá ń kánjú, tó jẹ́ pé àwa mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ̀rọ ní láti yan ọ̀kan. Ó fi "ò" sí ibi tó yẹ kó fi "ó" sí, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ arúgbó lójú. Nabeelah ti ka ìròyìn iṣẹ́, ìròyìn náà dùn mọ́ ọn, kò sì wo iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ojú tì í gan-an.

Ó gbé kọ̀ǹpútà, ó sáré wọ yàrá ọ̀gá. "Ẹ dá ìpè aago mẹ́rin dúró, sà!"

Ìfẹ́dayọ̀ kò gbójú sókè. "Kí ló dé? Ìwọ náà lo ní ó yege. Mo ti sọ fún àwọn ilé ìwòsàn pé láti ọ̀la, AI á máa dá gbogbo ẹ̀ ṣe."

"Ó ṣi àmì kan fi, sà."

"Àmì? Nítorí àmì lo ṣe fẹ́ já ilẹ̀kùn mi? Ta ló tiẹ̀ ń fi àmì kọ Yorùbá?"

"Ẹ bá mi kà á sókè, sà. Bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an."

Ó gba kọ̀ǹpútà, ó wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn. "A ò gbà yín..." Ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ó tún un kà, jẹ́jẹ́. "Yéè! A ti lé wọn!"

"Màmá mi nìkan la tíì lé, sà. Aago mẹ́rin la máa lé àwọn tó kù."

Ọ̀gá fa kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mọ́ra. Ó dá ìpè dúró lójú ẹsẹ̀. Ara Nabeelah fúyẹ́ débi pé ó jókòó sórí àga àlejò láìtọrọ àyè.

"Olúwa ṣeun," ni Ìfẹ́dayọ̀ wí. "Ká ní Màmá ẹ ò gbé fóònù ńkọ́?"

"Wọn kì í ṣàì gbé e, sà. Wọ́n máa ń kí obìnrin inú ẹ̀ pàápàá."

Ìfẹ́dayọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ṣé ká lé ẹ̀rọ náà lọ ni?"

"Rárá, sà. Ó mọ iṣẹ́ kóòdù, ẹ jẹ́ kó máa ṣe ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá máa dé etí èèyàn, kò gbọdọ̀ fi í pamọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú wa ti kà á sókè. Èyí tó bá sì lè ní ìtumọ̀ méjì, kó bi wá."

"Ìyẹn á fa iṣẹ́ sẹ́yìn."

"Á fà á sẹ́yìn díẹ̀, sà."

Ó rò ó títí. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Nabeelah padà sí àyè rẹ̀, ó tún àmì náà ṣe, ó sì ní kí AI ṣe kómíìtì. Ẹ̀rọ náà kọ gbólóhùn rẹ̀ tó gún régé, ó bèèrè bóyá kóun fi í pamọ́. Nabeelah ka ọ̀rọ̀ náà sókè lórí ìdúró, gbogbo ọ́fíìsì ń wò ó, kó tó dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló ní kí ìpè lọ sí Ṣàngó.

Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ fi dún.

"Nabeelah! Obìnrin yẹn ti tún pè o. Ó ní àwọn ó gbà mí. Àlùhámúdúlílàhì! Àmọ́ ó kọ́kọ́ ní àwọn ò gbà mí. Èwo ni kí n mú níbẹ̀ báyìí?"

Nabeelah fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ẹ má wo ti obìnrin yẹn, Màmá. Èmi ni mo ń sọ fún yín: wọn ó gbà yín. Mò ń bọ̀ wá sùn sọ́dọ̀ yín lónìí, èmi ni mo sì máa mú yín lọ láàárọ̀."



"Tó bá jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́," Màmá Ṣàngó ní, "mo gbà."