Ìtàdógún

Àjẹ̀ ọkọ̀ náà balẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ sì ta bo ẹsẹ̀ Bàṣírát dé orúnkún. Bàbá rẹ̀ tó jù ú kò tilẹ̀ wo ibi tó bọ́ sí. Ó ti kẹ̀yìn sí i, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ síbi àga onípákó rẹ̀ létí omi ní Bàdóre.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí," ni Bàbá Kàmọ́rù wí láìbojúwẹ̀yìn. "Tó o bá tún fọwọ́ òfìfo bọ̀ lónìí, kó o gbé àjẹ̀ yẹn lé Akóredé lọ́wọ́, ọkọ̀ di tirẹ̀ nìyẹn. Kí gbogbo ayé ṣe ẹlẹ́rìí."

Gbogbo ayé tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn kò ju ọkùnrin méjì àti ajá kan lọ. Ọkùnrin kìíní ni Akóredé fúnra rẹ̀, àbúrò Bàṣírát, tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù ní èbúté ńlá Lẹ́kkí, tó sì wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn wá síbi tí kò ti níṣẹ́ kankan í ṣe. Èkejì ni Akínwùmí, oníbàárà kan láti Lẹ́kkí Phase 1, tó di ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ mú bí ìjòyè ṣe ń di ọ̀pá àṣẹ mú. Ajá náà ní tirẹ̀ kò dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí.

Bàṣírát yọ àjẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Àǹtí mi, ẹ má bínú o," Akóredé wí, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo bẹ̀ wọ́n."

"Ta ló bi ẹ́?"

Ohun tí Akóredé fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn oníyanrìn, tí wọ́n ń wa ìsàlẹ̀ ọ̀sà kó fún àwọn tó ń kọ́lé, ti bá a sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tí Bàbá Kàmọ́rù fi pẹja fún ọgbọ̀n ọdún, yanrìn ni yóò máa rù. Inú ọkọ̀ yìí ni Bàṣírát ti kọ́ ìjókòó kó tó kọ́ ìrìn. Bó bá ti ronú pé wọn yóò máa fi ṣọ́bìrì họ inú rẹ̀, inú òun náà a máa ta á bí ẹni tí wọ́n ń họ.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dájà sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni Bàṣírát, tó ń gbé ní Addo, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wá sọ́sà láti wá fi ìwọ̀ pẹja. Ó ní kí bàbá òun sọ ọjọ́ tó dára fún wọn. Bàbá Kàmọ́rù mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀: òjò tó gbọ́dọ̀ rọ̀ títí iyọ̀ yóò fi kúrò nínú omi, afẹ́fẹ́ tí kò gbọdọ̀ ti òkun wá, òṣùpá àrànmọ́jú tí kì í jẹ́ kí ẹja sùn. Àwọn àlejò ń wo aago ọwọ́ wọn. Ojú ti Bàṣírát, ojú títì náà sì di ìkánjú.

"Bàbá, ẹ sáà dárúkọ ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ pa ìyókù dé," ló wí. "Fóònù á bá wa kà á."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Bàbá Kàmọ́rù kẹ̀yìn sí wọn.

"Ìtàdógún," ló ní. "Ọjọ́ tójú bá kan oṣù tuntun, kó o ka ìtàdógún. Kó o wá sí Ìdí Àgbọn. Ẹnu mi ò ní tún un sọ."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀" àti ìhùn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù láàárín àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá ti kéde ní mọ́ṣáláṣí pé oṣù ti lé, Bàṣírát á ní kí fóònù rẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kún un. Fóònù á dárúkọ ọjọ́, Bàṣírát á kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ, wọn á sì padà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù àti agbọ̀n gbígbẹ. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì ni bàbá rẹ̀ búra pé bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, Akóredé ló lọkọ̀.

Bàṣírát tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, òun àti Akínwùmí sì gba ojú omi lọ. Òjò ń ṣú lókè ọ̀hún, omi pọ́n bíi tíì onímílíìkì. Bàṣírát ti ìka bọ omi, ó lá a, kò gbọ́ iyọ̀ kankan. Ó kéré tán, òjò ti ṣe tirẹ̀.

Akínwùmí kò tíì gbé ojú kúrò lórí fóònù. "Màdáàmù, áàpù mi ní àná ló dáa jù o. Ó fún àná ní ìràwọ̀ mẹ́rin. Òní, méjì péré."

"Áàpù yín ò mọ ọ̀sà."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ńkọ́? A ò rẹ́ja lẹ́ẹ̀mejì." Ó ti fóònù bọ àpò. "Ìsìn ni mo fi sílẹ̀ wá síbí lónìí. Ìyàwó mi ò kí mi láti àárọ̀. Tí mo bá délé láìmú ẹja dání, kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Ẹ sọ pé ẹ lọ gbàdúrà lójú omi."

Kò rẹ́rìn-ín. Bàṣírát náà kò sọ ọ́ fún ẹ̀rín.

Ìdí Àgbọn jẹ́ ibi tí ọ̀sà ti wọnú koríko, àgbọn mẹ́rin tó ti wọ́ sì dúró létí rẹ̀. Bàṣírát pa ẹ́ńjìnnì, ó fi àjẹ̀ tọ́ ọkọ̀ wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lórí gbòǹgbò tó yọ síta, ó rí ìfun ẹja tó lẹ̀ mọ́ ọn, tó ń dán. Ó rí irú rẹ̀ lóṣù tó kọjá, ó sì rò pé ẹyẹ ló jẹ ẹja níbẹ̀. Wọ́n ju ìwọ̀ sómi. Wákàtí kan kọjá. Òjò rọ̀, ó dá. Ohun kan fa okùn Akínwùmí, ó kígbe, ó fà á sókè, akàn ni. Akàn náà wo àwọn méjèèjì, ó tú ìjẹ sílẹ̀, ó bọ́ padà sómi. Bàṣírát tún fi ìjẹ mìíràn sẹ́nu ìwọ̀. Ẹ̀rù ń bà á gidi, ẹ̀rù ọmọ tó fẹ́ pàdánù ilé.

Ìgbà tó di ọ̀sán ni Mọ́rúfù yọ nínú koríko pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré rẹ̀. Apẹja Bàdóre ni, ó wá yẹ àwọn ìgèrè tó dẹ sẹ́bàá koríko wò.

"Àǹtí Bàṣírát, ẹ tún pẹ́ dé."

"Pẹ́ báwo? Òní kọ́ ni ìtàdógún ni?"

"Àná mà ni."

"Irọ́ lò ń pa. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n rí oṣù." Ó na ìka ọwọ́. "Jímọ̀, ọ̀kan. Sátidé, èjì. Sọ́ńdè, ẹ̀ta…"

Mọ́rúfù bú sẹ́rìn-ín. "Ọjọ́bọ̀ ńkọ́? Ẹ ti fò ó."

"Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n rí i, mo ní."

"Ọjọ́ tí wọ́n rí i yẹn náà lọ̀kan. Àǹtí, ọjọ́ wo lẹ bí Ràhmát yín?"

"Mọ́ńdè."

"Ọjọ́ wo la sọ ọ́ lórúkọ?"

"Mọ́ńdè ni…"

"Ọjọ́ mẹ́jọ sì la pè é. Tẹ́ ò bá ka ọjọ́ tẹ́ ẹ bí i mọ́ ọn, ṣé á pé mẹ́jọ? Èmi ni mo di àgbò mú lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ má bá mi jiyàn."

Bàṣírát ká ìka rẹ̀ kò. Òun tó bímọ mẹ́ta, tó ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ tí kò níye, òun ló gbé ìṣirò lé fóònù tó ń bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọ̀la lọ́wọ́. Ọjọ́ kan péré, nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òótọ́ ni pé àná ni gbogbo apẹja Bàdóre ti wá kó ẹja ọ̀bọ̀kún tó wọlé, wọ́n ti lọ, ìfun ló kù.

"Àbí Bàbá ò sọ fún yín ni?" Mọ́rúfù ń tú okùn ìgèrè. "Àwọn náà mà wà níbí lánàá. Ọkọ̀ mi ni mo fi gbé wọn wá."

"Bàbá tèmi?"

"Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú orúnkún wọn yẹn. Wọn ò ju ìwọ̀ kankan sómi o. Àwa ń kó ẹja, àwọn ń wo ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé. Mo ní ta lẹ ń retí? Wọ́n ní kí n gbájú mọ́ ìgèrè mi."

"Oṣù tó kọjá ńkọ́?"

"Wọ́n wá. Wọ́n wá lóṣù tó ṣáájú ẹ̀ náà."

Ìbínú ló kọ́kọ́ dé. Ìbínú náà gbóná débi pé Bàṣírát kò gbọ́ ohun tí Akínwùmí ń wí. Bàbá mọ̀! Ó jókòó, ó ń wo òun bí òun ṣe ń ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fẹnu mọ́nu. Irú baba wo nìyẹn?

"Màdáàmù, mo ní ẹ wo inú ìgèrè yẹn." Akínwùmí ń nawọ́. Nínú ìgèrè tí Mọ́rúfù gbé sókè, ọ̀bọ̀kún méjì ń jà, ẹ̀gún wọn nà gbọọrọ. "Kó kó wọn fún wa. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹ mú un, Àǹtí," Mọ́rúfù wí. "Mo ti gbọ́ ohun tí Bàbá búra. Ẹja lẹja ń jẹ́."

Bàṣírát wo ẹja méjèèjì. Ọkọ̀ rẹ̀ ló ń wò. Ó mọ̀ pé bàbá òun yóò wo ẹja wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan, yóò mọ̀ pé inú ìgèrè ni wọ́n ti sùn. Yóò sì gbà wọ́n, kò ní sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ni kò ní lè fara dà.

"Tọ́jú ẹja ẹ," ó sọ fún Mọ́rúfù. "Ẹja àná ni."

Akínwùmí bú gbogbo ọ̀sà láti Ìdí Àgbọn dé Bàdóre. Ó ní òun ò ní padà wá mọ́, òun á sọ fún gbogbo èèyàn òun. Bàṣírát ń tọ́kọ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ tó sọ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló ń yí lórí rẹ̀, ó sì dé ibi tí kò fetí sí rí. *Kó o wá sí Ìdí Àgbọn.* Wá ni Bàbá wí. Kò wí pé lọ.

Akóredé dúró létí omi, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Bàbá Kàmọ́rù wà lórí àga rẹ̀.

"Ẹja dà?" ni Bàbá Kàmọ́rù bi Bàṣírát.

"Kò sí."

Akínwùmí gba àárín wọn kọjá láìkí ẹnikẹ́ni, ó ti ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ gbàgà. Bàṣírát gbé àjẹ̀ jáde, omi ń ro lára rẹ̀.

"Ẹ jókòó síbẹ̀ lánàá," ó wí.

Bàbá Kàmọ́rù ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé mò ń ṣì í kà."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò wá lè la ẹnu yín, kẹ́ ẹ ní, Bàṣírát, ọjọ́ kan lo fi pẹ́?"

"Ìwọ lo ní kí n pa á dé." Ohùn rẹ̀ le, ó sì fi ọ̀pá gún ilẹ̀. "Mo lọ síbi tí mo ní kó o wá. Mo lọ lọ́jọ́ tí mo ní kó o wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Orúnkún mi wú bí ẹ̀wà. Kí lo tún fẹ́ kí n ṣe?"

Bàṣírát nu omi kúrò lára àjẹ̀. Ó yí sí Akóredé, ó gbé àjẹ̀ lé e lọ́wọ́, nítorí ìbúra ni ìbúra. Akóredé gbà á, ó gbé orí àjẹ̀ sísàlẹ̀, ó sì di ibi tó yẹ kó wọ omi mú. Kò tilẹ̀ mọ̀. Bàbá Kàmọ́rù rí i, ó gbójú kúrò, ó ń wo omi.

Nígbà tí Akóredé ti lọ pe àwọn oníyanrìn rẹ̀ lórí fóònù, àwọn méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, wọn ò wo ara wọn. Bàṣírát jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó ń fi èékánná ha ẹrẹ̀ àárọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀.

"Ọkọ̀ Mọ́rúfù á gba ẹnì kan sí i," Bàbá Kàmọ́rù wí, bí ẹni ń bá omi jà.

Bàṣírát mú fóònù jáde, ó wò ó, ó dá a padà sápò. Ó na ọwọ́ òsì síwájú. Ó fẹ́ mọ iye ọjọ́ tó kù kí oṣù mìíràn tó lé. Ìka rẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la bó ti mọ́ ọn lára. Ó dá a dúró, ó sì ká àtàǹpàkò kò.

"Òní," ó wí jẹ́jẹ́, "ọ̀kan."

Bàbá rẹ̀ kò yíjú sí i, kò sì tú ojú ká.

"Ọ̀la," ló ní, "èjì."