Ewúrẹ́ Méjì àti Adé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ sún mọ́ ibí, mo fẹ́ rọ́ àlá kan fún yín. Èmi kọ́ ni mo lá a o. Olóyè Jọláyẹmí, Aró ìlú Òkèrúwà, ló lá a, lọ́sàn-án gangan, lórí àga onítìmùtìmù, tòun ti fìlà lórí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àlá ọ̀sán kì í ní sùúrù. Ti òru máa ń rọra, ṣùgbọ́n ti ọ̀sán mọ̀ pé wọ́n máa tó jí òun, ìkánjú ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan rẹ̀.

Kí n tó wọnú àlá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí baba náà gbé sọ́kàn sùn. Ọba Òkèrúwà ti wàjà. Ìdílé méjì ló ń jọba níbẹ̀, bí èyí bá jẹ tán, ó di ti èkejì. Ó kan ìdílé Òkínlóyè báyìí, gbogbo ìlú ló sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé Adéṣìgbìn ní oṣù mélòó kan péré ni ọba tiwọn lò lórí oyè, wọ́n ní ta ni yóò ka ìyẹn sí ìgbà, àfi kí àwọn tún un jẹ. Afọbajẹ márùn-ún ló wà. Méjì tẹ̀ síbí, méjì tẹ̀ sọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ wá kù sẹ́nu Aró, lọ́la ni yóò sì sọ ọ́ láàfin. Ni ìdílé Adéṣìgbìn bá fa ewúrẹ́ funfun kan wá fún un. Nígbà tí ìdílé Òkínlóyè gbọ́, ẹ̀rù bà wọ́n, àwọn náà fa pupa wá, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló kàn. Aró gba funfun, ó gba pupa, ó so méjèèjì mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ ò ti lélẹ̀ mọ́.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Désọlá, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì tíì fi sílẹ̀ títí dòní. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pìtàn fún ọkọ rẹ̀ kó lè dín ìrònú kù.

"Àwọn òyìnbó náà jà bẹ́ẹ̀ rí," ni ó wí. "Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ẹbí Yọ́ọ̀kì àti ẹbí Láńkásítà. Òdòdó róòsì funfun ni wọ́n fi ń dá àwọn kan mọ̀, pupa ni ti àwọn kejì. Ọba wọn kan tiẹ̀ dákẹ́ lọ bí ẹni tó sùn, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n fi pa ara wọn."

"Ta ló wá kàn nínú wọn?" ni Aró béèrè, oorun ti ń kùn ún.

"Ohun tí wọn ò rí ẹni sọ gan-an nìyẹn."

Aró ò gbọ́ èyí tó kù. Ó ti sùn lọ.

Àga ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Aró, ẹ di apá mi mú dáadáa o, ọ̀nà jìn." Ó dìde lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé baba gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó sì bọ́ sínú odò Témìsì ti àwọn òyìnbó, tó ń ṣàn níbi tí kànga wà tẹ́lẹ̀. Aró ò bá a jiyàn. Ohun tó ń bà á lọ́kàn jẹ́ ni pé kò wọ bàtà, ẹni tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì yẹ kó wọ bàtà.

Ọ́fíìsì kan léfòó lójú omi níwájú wọn, pẹ̀lú fèrèsé àti àpótí ìwé. Akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọ aṣọ irin láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀yìn òdòdó wo lẹ wà, Bàbá?" ni akọ̀wé béèrè.

"Afọbajẹ ni mí," ni Aró dáhùn. "Ní tiwa, ó ń kàn láti ìdílé dé ìdílé ni. Ẹ ṣáà sọ ẹni tó kàn fún mi, kí n tètè máa lọ sílé."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí aṣọ irin rẹ̀ fi ń dún bí ìkòkò tó ń yí lórí símẹ́ǹtì. "Ó ń kàn kẹ̀? Ọmọ ọba wo ló máa jókòó de ìgbà tó bá kan òun? Ẹ tètè mú òdòdó kan o, ọba ti fẹ́ mí èémí."

Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀dì ọba wà láàárín ọ́fíìsì, ọba sì ń sùn lórí rẹ̀. Bó bá mí sínú, gbogbo ìjòyè a so òdòdó funfun mọ́ àyà. Bó bá mí síta, wọn a já a dànù, wọn a so pupa. Kò sẹ́ni tó lè fìdí kan ìjókòó níbẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá yá yóò di ewúrẹ́ lójú ẹsẹ̀, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, yóò máa fi pátákò lu òǹtẹ̀. Ìjòyè ńlá kan di ewúrẹ́ lójú Aró, irùngbọ̀n rẹ̀ ò tiẹ̀ yí padà. Aró kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì gorí àpótí kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀.

Olorì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fìka lé ètè. "Ẹ má jí i o," ni ó sọ fún Aró. "Bó bá jí, yóò béèrè ẹni tó jọba."

Ibi tí Aró ti ń ronú èsì tó máa fọ̀, ọba sín. Sísín náà gbé ọ́fíìsì lọ, ó gbé odò lọ pẹ̀lú, ó wá ku Aró láìwọ bàtà lórí pápá kan tí yìnyín bò mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì ló dojú kọ ara wọn níbẹ̀, tàwọn ti òdòdó láyà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn olódòdó funfun, àgbà kan jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn pupa, ọ̀dọ́mọkùnrin sì dọ̀bálẹ̀ sórí yìnyín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara ìyá le?"

"Ara wọn le, wọ́n ní kí n kí ọ. Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ó ti sọ̀?"

"Ó ti sọ̀ o, ọkùnrin ni."

"Ọlọ́run á wò ó," ni àgbà wí, ó bá fa idà yọ.

Aró sáré bọ́ sáàárín wọn. Ó ní, "Ọmọ ìyá ni yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Ó fẹ́ na ọwọ́ méjèèjì láti fi là wọ́n, ló bá rí i pé okùn méjì wà lọ́rùn òun. Àwọn olódòdó funfun di ọ̀kan mú, àwọn pupa di èkejì mú.

"Ẹ fà á síbí!"

"Ibí ni kẹ́ ẹ fà á sí!"

Bí wọ́n ṣe ń fà á lọ ni wọ́n ń fà á bọ̀, títí wọ́n fi fà á dé ìdí igbó ẹlẹ́gùn-ún kan. Adé ọba so kọ́ sórí ẹ̀gún níbẹ̀, ó ń tàn, inú rẹ̀ ò sì dùn rárá.

"Ẹ̀gún ń gún mi," ni adé wí. "Kò sórí tí mo dúró lé pẹ́. Aró, ìwọ lo mọ̀ ọ́n, sọ ọ́ kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ lè relé. Ta ló kàn?"

Àgbà tó fa idà yọ sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó ń retí ohun tí Aró máa sọ. Aró sì mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ìyá tó bí i. Ó ya ẹnu.

"Mẹ̀ẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́," ni adé wí. "Ewúrẹ́ ta ni ọ́? Ti funfun ni, àbí ti pupa?"

Aró wo ilẹ̀, ó rí pátákò tirẹ̀ lórí yìnyín. Pé òun di ewúrẹ́ ò yà á lẹ́nu. Ohun tó dùn ún wọra ni pé kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn àgbà ní bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì, ojú sì ti Aró débi pé ó fẹ́ wọlẹ̀. Akọ̀wé aláṣọ irin kọjá lọ, ó ní, "Ẹ fi baba sílẹ̀ jàre. Gbogbo afọbajẹ tó bá dé ìdí igbó yìí, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn." Nígbà tí kò sẹ́ni tó sọ ẹni tó kàn, àgbà tún gbé idà sókè. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ọkùnrin ló kọ́kọ́ ṣubú. Aró figbe ta, ó ń pè é ní ọmọ mi, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mẹ̀ẹ́ẹ̀ náà ló ń jáde.

"Bàbá Désọlá! Ẹ dìde o! Àwọn ewúrẹ́ yín ti já okùn, wọ́n ti fẹ́ jẹ róòsì mi tán!"

Aró lajú. Àga ò sọ nǹkan kan mọ́. Ó dìde, ó lọ sójú fèrèsé, ó sì rí wọn. Funfun àti pupa ti fẹnu sínú òdòdó kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ gbìn síwájú ilé, wọ́n fara ti ara wọn, wọ́n ń jẹ, kò sí ìjà láàárín wọn rárá. Okùn tó já ń wọ́ tuuru lọ́rùn wọn.

Ìyá Désọlá dúró tì wọ́n, ó mú ìgbálẹ̀ dání, inú ń bí i. "Ẹ kúkú sọ fún mi wàyí," ni ó wí, "èwo la máa pa fún àwọn àlejò tó máa tẹ̀lé yín bọ̀ láti ààfin lọ́la? Ti Adéṣìgbìn ni, àbí ti Òkínlóyè?"

Aró fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀. Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan wà ní pálọ̀, ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì rọra sọ "ẹ káàsán" fún ògiri kó lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ná.

"A ò pa èyíkéyìí," ni ó wá ké jáde láti ojú fèrèsé. "Bá mi wá bàtà mi. Mo fẹ́ fà wọ́n padà sílé àwọn tó ni wọ́n nísinsìnyí, lójú gbogbo ìlú."

Ìyá Désọlá gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́ dáadáa, kí ọkọ òun tún un sọ. Ó tún un sọ fún un tayọ̀tayọ̀, nítorí ohùn èèyàn ló jáde.