Adìyẹ Casilda

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì ọdún 1987, Casilda, ìyàwó Evaristo, kú. Nígbà tí àdúrà ọjọ́ kẹsàn-án rẹ̀ pé, àbúrò Casilda pa adìyẹ Casilda jẹ.

Nicanor ni orúkọ àbúrò náà. Ìlú Santiago ló ń gbé, bàtà funfun ló sì máa ń wọ̀ wá sórí òkè wa, níbi tí ẹrẹ̀ kì í ti í gbẹ. Àkùkọ ìjà ló ń wá kiri ju òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Gbogbo ayé mọ̀ pé àkùkọ Evaristo kì í sá lójú ìjà. Ohun tí wọn kò bìkítà láti mọ̀ ni pé Casilda ló ń yan adìyẹ tí yóò jẹ́ ìyá àwọn àkùkọ náà. Evaristo lè fi akọ tọrẹ, ṣùgbọ́n abo ìran náà kì í jáde nílé. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, arúgbó tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, tí ó ń sàba lábẹ́ ibùsùn Casilda.

Ọ̀sán ni wọ́n bu ọbẹ̀ fún Evaristo, tòun ti iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó rí ìka wíwọ́ nínú àwo. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ta ló pa adìyẹ yìí?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n." Nicanor ń fa mùdùnmúdùn inú egungun. "Ó jáde wá ṣa àgbàdo láàárọ̀, mo bá kì í mọ́lẹ̀. Ẹ má bínú pé ẹran rẹ̀ le. Mo ní kí n má pa àwọn tó sanra."

Màmá Belén, tó ń darí àdúrà, ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ìyá àwọn àkùkọ lo pa yẹn!"

"Ìyá kẹ̀? Màmá, àpò ẹyin lásán ni abo. Baba ló ni ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n fún mi ní àkùkọ ńlá yẹn, kó máa gun àwọn abo ọ̀dọ̀ mi. Kí ọdún tó yí po, ilé mi á kún fún akọni."

Evaristo wò ó bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Casilda ti fún Nicanor ní àkùkọ rí, ọ̀kan nínú ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jáde nínú ẹyin lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó kù lórí òkè ń sáré nínú igbó gúáfà, orí ẹ̀ka ló ń sùn nínú òjò, kò sì sá títí ó fi darúgbó. Ti Nicanor wà nínú àgò, ó ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú wàrà. Lọ́jọ́ ìjà, ó fò jáde nínú agbo, ó bà lé fìlà ẹni tó ń wòran. Nicanor ní ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ni kò dára. Nígbà tí òmíràn tirẹ̀ ṣèèṣì borí, ó ní oúnjẹ òun ni. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kì í jẹ̀bi láyé.

"Ìdajì ọmọ wà lára ìyá, Nicanor," Evaristo wí. "O ti jẹ ìyẹn. Ìdajì tó kù, wàrà rẹ á bà á jẹ́."

"Ṣé ẹ kò ní fún mi ni?"

Evaristo ronú kan ẹyin abẹ́ ibùsùn. Àkùkọ ńlá náà ni baba wọn. Bí ọkùnrin yìí bá sùn mọ́jú, yóò tú inú ilé, yóò sì rí wọn. Ó dìde, ó mú àkùkọ náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi, ó sì tì í sí Nicanor lábẹ́ apá.

"Gbà. Bí o bá fẹ́, kó gun ẹyẹlé."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Nicanor náà rẹ́rìn-ín, ó sì bá ọ̀nà Santiago lọ kíákíá kí ọkàn àna rẹ̀ má bàa yí padà.

Evaristo kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn. Àwọn ẹyin náà ti ń tutù, ṣùgbọ́n wọn kò tíì tutù tán.

"Pẹ́pẹ́yẹ mi ń sàba," Belén wí lẹ́nu ọ̀nà. "Jẹ́ kí n sáré gbé e wá."

Ohun tó kù nílé lálẹ́ ọjọ́ náà: bàtà Casilda lẹ́yìn ilẹ̀kùn, agolo àgbàdo rẹ̀, tó kù díẹ̀ kó tán, ipa bàtà funfun nínú ẹrẹ̀, egungun adìyẹ nínú àwo Nicanor, tó ti lá a mọ́ tónítóní, pẹ́pẹ́yẹ kan tó ń bínú, àti ẹyin márùn-ún lábẹ́ rẹ̀, wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́.