Ohùn Mọ́tò Táíyé

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi etí méjèèjì gbọ́ mi," ni Oyèlékè wí, ó sì fi sípánà gbá abẹ́ mọ́tò pupa náà, kóńkó, kóńkó. "Sàìlẹ́ńsà yìí ò ní la òjò ọdún yìí já. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ wọnú eegun."

Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ibi tí Oyèlékè ń fi hàn án. Sàìlẹ́ńsà méjì ni, wọ́n gùn, wọ́n sanra, wọn kì í sì ṣe èyí tó bá mọ́tò náà wá. Táíyé, ìbejì rẹ̀, ló rà wọ́n láti òkè òkun, tó ní kí wọ́n jó wọn mọ́ ìdí mọ́tò eléré ìje rẹ̀. Iná ti lá ẹnu wọn títí, ẹnu náà ti di aláwọ̀ aró, ó di aláwọ̀ wúrà, ó di aláwọ̀ àlùkò, bí ìgbà tí bẹntiróò bá dà sójú omi. Nígbà tí Táíyé wà láyé, ó lè jókòó ti ẹnu sàìlẹ́ńsà yẹn láàárọ̀ Sátidé kó máa wò ó bí ẹni ń wo fíìmù.

"Kí lẹ wá ní ká ṣe sí i?" ni Kẹ́hìndé béèrè.

"Ẹ jẹ́ ká kùn ún lọ́dà seramíìkì. Iná ò lè jó ọ̀dà yẹn, omi ò lè wọ̀ ọ́. A ó tú u, a ó la ikùn ẹ̀, nítorí òwú inú ẹ̀ ti jóná, òun ló jẹ́ kó máa bú ramúramù báyìí. A ó ki òwú tuntun sí i, a ó kùn ún, a ó tì í sínú ààrò. Nígbà tó bá fi máa jáde, ó ti dúdú mìnìjọ̀. Ẹ̀yin àti ìpẹtà, ó dìgbóṣe."

"Ariwo rẹ̀ ńkọ́?"

"Ariwo kẹ̀? Á wálẹ̀. Á kàn máa kùn nínú bí ológbò ni."

Kẹ́hìndé fọwọ́ pa ẹnu sàìlẹ́ńsà náà. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ ariwo yẹn gan-an ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù Oyèlékè lọ́nà Oǹdó, níhìn-ín ní Àkúrẹ́, tó sì tún ń bà á lẹ́rù. Ìpẹtà kàn jẹ́ àwáwí ni.

Ẹ wò ó, a kì í sọ pé ìbejì kú. Ọjọ́ tí Táíyé dákẹ́, àwọn àgbà ilé wọn ní Oǹdó kó ara wọn jọ, wọ́n ní ó rìnrìn àjò. Ọ̀rọ̀ náà dára. Ọ̀nà láti fi ọwọ́ tútù gbé ohun gbígbóná ni. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ní ó rìnrìn àjò, ṣé èèyàn ò ní máa wọ̀nà fún un ni? Kẹ́hìndé jogún mọ́tò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ kí ìyá wọn ní gbogbo Sátidé. Láti ìgbà náà, kó tó yọ sí àdúgbò ni Ìyá Ìbejì ti máa gbọ́ ohùn mọ́tò. Ìyá yìí kan náà, Mama Agnes tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ sí èèyàn jẹ́jẹ́, a fò dìde lórí àga bí ọmọge, a dojú kọ géètì.

"Táíyé! Táíyé mi ti dé o! Káàbọ̀ o!"

Kẹ́hìndé a pa mọ́tò, a wọlé, a dọ̀bálẹ̀, a ní, "Kẹ́hìndé ni, mà."

"Ẹn-ẹ́n. Kẹ́hìndé. Káàbọ̀."

Ohùn ìyá á ti wálẹ̀. Ìwálẹ̀ ohùn yẹn ni Kẹ́hìndé máa ń gbé padà sí Àkúrẹ́, tí yóò máa gbé e kiri ọ́fíìsì ìjọba rẹ̀ ní Alágbàká láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè. Ó ń dùn ún. Àgbàlagbà ọkùnrin tó nílé, tó láya, ó kàn ń fẹ́ kí ìyá rẹ̀ fi irú ayọ̀ yẹn pe orúkọ tirẹ̀ náà, lẹ́ẹ̀kan péré.

"Bàbá Bísọ́dún, màámi ti ń dàgbà, nǹkan ti ń dàrú mọ́ wọn lójú," ni Yéjídé ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ fún un nílé wọn ní Ijapo. "Mọ́tò yẹn ló ń tàn wọ́n. Ẹ pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin náà kúkú ní orúkọ."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àbí kí lẹ rí sí i? Kẹ́hìndé na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí Oyèlékè.

"Ẹ là á," ló wí. "Ẹ ki òwú sí i, kẹ́ ẹ kùn ún."

Ó wọ takisí elérò lọ sí Oǹdó láàárọ̀ Sátidé náà. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló jókòó sí. Ìkùukùu ò tíì ká lórí oko kòkó, àwọn igi kàn ń yọjú díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń padà sínú funfun bí ẹni tí ò tíì fẹ́ jí. Nígbà tí wọ́n kọjá Àpọnmú, oorun gbé e. Ó rí i pé Táíyé ló ń wa mọ́tò pupa náà, tí òun jókòó tì í. Táíyé yíjú sí i, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò, àmọ́ kò sí ohùn. Mọ́tò náà ò dún. Ọ̀nà ń sáré kọjá lábẹ́ wọn, jẹ́ẹ́, bí omi. Kẹ́hìndé na etí, ó na ọrùn, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tó fi máa ta jí, wọ́n ti kọjá Ọ̀wẹnà.

Ó sọ̀kalẹ̀ lójú títì, ó fẹsẹ̀ rìn wọ àdúgbò. Ìyá Ìbejì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí géètì.

"Kẹ́hìndé," ni ìyá wí, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Kí ló ṣe mọ́tò?"

Kẹ́hìndé dúró gbagidi. Ó gbàgbé láti dọ̀bálẹ̀.

"Màámi, ẹ mọ̀ pé èmi ni?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ìrìn ẹsẹ̀ ọmọ tí mo bí nínú ara mi! Àbí wọ́n ní mo ti ń ṣiwèrè ní Àkúrẹ́ ni?"

"Rárá o, mà. Àmọ́ ní gbogbo Sátidé, Táíyé lẹ máa ń pè."

Ìyá gbé àtẹ sílẹ̀. Ó gbọn èèpo ẹ̀wà kúrò lára ìró rẹ̀, ó sì fọwọ́ lu àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Jókòó. Mo mọ̀ pé ọmọ mi ò lọ ìrìn àjò kankan. Wọn ò jẹ́ kí n débi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọn kì í jẹ́ kí ìyá débẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ. Kẹ́hìndé, láti ìgbà tí mo bá ti gbọ́ mọ́tò yẹn lórí òkè lọ́hùn-ún, títí tí wàá fi pa á lẹ́nu géètì yìí, ọmọ méjì ni mo ní. Táíyé á kọ́kọ́ dé, ìwọ á tẹ̀lé e. Ṣé kì í ṣe bí mo ṣe bí yín náà nìyẹn?"

Kẹ́hìndé tẹjú mọ́ géètì.

"Tó o bá wá pa á, ó ku ìwọ. Ohùn mi á wálẹ̀, mo mọ̀, mo máa ń rí i lójú rẹ. Nítorí ẹni tó lọ ni, ọmọ mi. Kì í ṣe nítorí ẹni tó dé. Ìwọ tó mi, mo fi Ọlọ́run búra, o tó mi. Ojú ọ̀nà kékeré yẹn, láti orí òkè dé géètì, òun nìkan ni kó o fi sílẹ̀ fún mi."

Omijé bọ́ lójú Kẹ́hìndé, ó ń bọ́ pótó pótó sórí ṣòkòtò rẹ̀.

"Ó tó," ni ìyá wí, ó fi etí ìró nù ún lójú. "Ṣebí ìwọ lẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n kì í sunkún báyìí."

Ìgbà náà ni Kẹ́hìndé rántí Oyèlékè. Ó fò sókè, ó fa fóònù yọ. Ó dún, ó dún, wọn ò gbé e. Ó tún pè. Ariwo ẹ̀rọ kan ń ké níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e.

"Oyèlékè! Ṣé ẹ ti là á?"

"Ẹ̀gbọ́n, ayùn rèé lọ́wọ́ mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́—"

"Ẹ gbé e sílẹ̀! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kan inú ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ha ìpẹtà ìta, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lọ́dà yẹn."

"Kò ní pẹ́ lára ẹ̀ o, tí kò bá wọ ààrò. Ẹ máa padà wá."

"Màá padà wá. Gbogbo ìgbà tó bá bó la ó máa tún un kùn."

"Ẹnu ẹ̀ ńkọ́, tó ní oríṣiríṣi àwọ̀ yẹn?"

"Ẹ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Ariwo yẹn náà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ jẹ́ kó máa pariwo."

Oyèlékè rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn akọ̀wé ìjọba yìí, Ọlọ́run nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn yé.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìkùukùu tún wà lórí oko kòkó. Kẹ́hìndé ò sáré. Nígbà tó dé orí òkè tó dojú kọ àdúgbò wọn, ó yí jíà wálẹ̀, sàìlẹ́ńsà dúdú méjèèjì sì bú sígbe, ohùn náà ń yí lọ sísàlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó rọra ń tẹ̀ lé e. Ó dé ẹnu géètì, kò pa mọ́tò.

Ìyá Ìbejì ti dìde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Táíyé! Táíyé mi, káàbọ̀ o!"

Kẹ́hìndé yí gíláàsì sílẹ̀.

"Ẹ kúulé o, Màámi," ló dáhùn.

Ó tún rọra tẹ tọ́tù, mọ́tò bú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó jẹ́ kó máa dún fún ìgbà díẹ̀, kó tó pa á.