Ọkọ̀ Òfuurufú Òyìnbó Onígẹdú

Ọ̀rọ̀ Mùsílíù ti sú Memunat pátápátá. Bàbá wọn kú ní àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì wọ́n, Lèmọ́mù sì ti jókòó sí pálọ̀. Ta ni kò mọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó pé òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀? Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé, tí ẹnu wọn kì í ká Mùsílíù tó jẹ́ àkọ́bí ọkùnrin, ti ránṣẹ́ sí i ní Sàpẹ́lẹ̀ pé àwọn yóò dúró dè é títí di ìrun Alásàrí. Ni Mùsílíù bá ní òun yóò bá ọ̀gá òun, òyìnbó onígẹdú tó ń bọ̀ ní Èkó, wá nínú ọkọ̀ òfuurufú kékeré rẹ̀.

Ojú lásán ni òyìnbó yìí fi ń wá ọ̀nà lókè. Bó bá ti rí odò àti etí òkun, ó ti mọ ibi tó wà. Lọ́jọ́ náà sì rèé, ìkùukùu ti sọ̀kalẹ̀ bo ọ̀sà, ẹni tó dúró ní Olówógbowó kò rí afárá Ìdó.

Memunat sáré lọ bá lọ́yà kan tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Igbosere, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun fi tẹlifóònù rẹ̀ pe ọ́fíìsì òyìnbó náà ní Sàpẹ́lẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ má wọ ọkọ̀ yẹn o. Ìkùukùu bo gbogbo Èkó."

"Oòrùn ń ràn níbí," ni Mùsílíù wí. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sin bàbá mi lẹ́yìn mi ni?"

Ẹni a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́! Inú bí Memunat débi pé irọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

"A ti sin wọ́n. Kò sí ohun tí ẹ ń sáré bọ̀ wá bá mọ́."

Mùsílíù bú u dáadáa, ó sì gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Memunat padà sílé, ó ní kí wọ́n má dúró dè é mọ́. Lẹ́yìn ìrun Àìlà, wọ́n sin Bàbá.

Lọ́jọ́ kejì ni Mùsílíù wọ lọ́rì dé. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

"Òyìnbó náà kò dé Èkó. Inú igbó ni wọ́n ti rí ọkọ̀ rẹ̀. Ó ti kú." Ó nu ojú. "Wọ́n sọ fún mi ládùúgbò pé lẹ́yìn Àìlà lẹ sin Bàbá. O purọ́ fún mi."

"Mo purọ́. Ṣebí mo kọ́kọ́ sọ òótọ́, ṣé ẹ gbọ́ ni?" Ó fẹ́ máa bá ìjà lọ, àfi bí ọ̀rọ̀ kan ṣe sọ sí i lọ́kàn. "Bọ̀dá, ẹ sọ fún òyìnbó yẹn pé ìkùukùu bo Èkó, àbí?"



"Inú ń bí mi sí ọ nígbà yẹn, Memunat. Mo kàn fi ìbínú gbé ẹrù mi kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀ ni. Mi ò sọ nǹkan kan fún un."