Bàtà Onígìgísẹ̀ Tí Baálẹ̀ Wọ̀

Shofakir ọkọ mi nìkan ló ń rán bàtà lábúlé wa. Awọ ewúrẹ́ òkè ló fi ń rán an, bàtà rírọ̀ tí kò ní gìgísẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè mọ igi tó ti jẹrà lójú ọ̀nà tí wọ́n fi ẹ̀ka igi tẹ́ sára àpáta, lókè odò. Kò sí bàtà tó ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ rìn lọ rìn bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Èmi á dúró máa wò ó títí á fi padà.

Ìgbà tí Navruzsho baálẹ̀ wa lọ kí ìjòyè kan ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, àìsàn bàtà onígìgísẹ̀ gíga ló gbé bọ̀. Ó ní kí ọkọ mi rán irú rẹ̀ fún òun, pé ó yẹ kí wọ́n máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni ńlá kí ó tó yọ, àti pé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà òun ṣáájú tòun.

Ọkọ mi ní, “Baálẹ̀, bàtà tí mi ò bá fẹsẹ̀ ara mi dán wò, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí.”

“Ẹsẹ̀ ẹ tó ń rùn yẹn lo fẹ́ kì bọ bàtà mi?”

Mo ní kí ọkọ mi má gbà. Ṣùgbọ́n baálẹ̀ ló ń pín omi oko, ọkọ mi sì rán bàtà náà. Bí baálẹ̀ bá já sódò, orúkọ ọkọ mi ló máa bá a lọ.

Nígbà tí yìnyín yọ́, baálẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú wa kọjá lójú ọ̀nà yẹn. Àwọn àna rẹ̀ ti dúró lódìkejì. Bàtà rẹ̀ ń dún kò, kò, kò, títí gìgísẹ̀ fi há sáàárín igi méjì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run.

Ọkọ mi ló lọ bá a. Ó yọ gìgísẹ̀ náà.

“Baálẹ̀, ẹ bọ́ ọ.”

“Lójú àwọn àna mi? Kò ṣeé ṣe.”

“Ẹ gùn mí lẹ́yìn nígbà náà.”

Ó pọ̀n ọ́n bí ọmọ ọwọ́ dé òdìkejì. Inú mi dùn. Mo ní ojú gbogbo ayé ti là báyìí.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin mẹ́rin wá bá wa, bàtà onígìgísẹ̀ ni gbogbo wọn ń fẹ́. Mo bi èyí tó dàgbà jù pé ṣé kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ni.

Ó ní, “Ìyá Zarifmo, a rí i. Gbogbo wa la fẹsẹ̀ rìn kọjá lánàá. Òun nìkan ni wọ́n pọ̀n.”

Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Ọkọ mi, tí kò tíì lè na ẹ̀yìn, tẹ́ awọ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n wá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí òun lè wọn ẹsẹ̀ wọn.